Akọni wo ló dúró tì yín lọ́jọ́ tí ọkàn yín wúwo?

Ìyá Àjàní, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tójú wa rí lóṣù tó kọjá, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje. Fòníkú-fọ̀ladìde ń bá a fínra láti kékeré. Ẹni tí kò bá tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí òru ṣe ń gùn tó nígbà tí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Á máa ké, á máa yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi náà á máa fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, omijé á máa bọ́ lójú mi nínú òkùnkùn kó má baà rí i.

Lóṣù tó kọjá, kíráísì, ìrora líle tí àìsàn náà máa ń mú wá, gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ń wá iṣan tí wọ́n á gbà fa omi sí i lára, wọn ò rí i. Wọ́n gún ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gún ti òsì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Ọmọ ọdún méje! Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó dúró lẹ́yìn ló wo aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ pupa Spider-Man tí àbúrò mi rà fún un ní Gbági. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ta ló wọ aṣọ yìí wá?" Ọmọ dákẹ́. Ó tún ní, "Àbí Spider-Man kọ́ ni mo ń wò yìí? Jọ̀ọ́, ibo lo ti máa ń ta okùn rẹ jáde, kí n bá ọ wò ó." Ọmọ náà rọra na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ká ìka méjì tó wà láàárín kò, bí Spider-Man ṣe máa ń ká a. Ó di ojú pa, omijé ṣì ń bọ́, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ yọ mọ́. Wọ́n rí iṣan.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni yẹn ló fẹ́ràn jù. Mo rò pé á ní torí ó ń gun ògiri ni. Ó ní, "Màámi, wọ́n máa ń lù ú gan-an. Á sùn, á sì tún jí." Mo rántí orúkọ àìsàn rẹ̀, mo sì bọ́ síta lọ sunkún.

Oníṣẹ́ iná, Òṣogbo

Ìyá Àjàní, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á wò ó sàn.

Ní 2016, mo jábọ́ lórí àkàbà níbi tí mo ti ń fa wáyà sí ilé alájà méjì. Ọ̀pá ẹ̀yìn mi ló gbà á. Mi ò tíì dìde dúró láti ọjọ́ náà. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù márùn-ún nígbà yẹn. Kí n má purọ́ fún yín, mo bẹ Ọlọ́run pé kó mú mi lọ. Bí àlejò bá wọlé, màá kọjú sí ògiri. Ẹni tó bá ti ní "ẹ pẹ̀lẹ́", inú á bí mi sí i.

Oníbàárà mi kan wá kí mi, ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: Christopher Reeve. Mo mọ̀ ọ́n! Nígbà tí mo wà ní kékeré, fèrèsé aládùúgbò wa la ti máa ń yọjú wò ó bó ṣe ń fò kiri nínú fídíò gẹ́gẹ́ bíi Superman. Mi ò mọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1995, ó já lórí ẹṣin níbi ìdíje ní Virginia, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rò ó pé bóyá kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Dana ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé òun náà ṣì ni, pé òun sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pé ọdún kan tó jáde sórí pèpéle Oscar, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn eléré fíìmù lẹ́bùn, lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀, ní oṣù kẹta 1996, gbogbo ilé sì dìde fún un. Ó ṣe fíìmù lẹ́yìn ìgbà náà, ó ń wá owó fún ìwádìí lórí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn títí tó fi kú ní 2004.

Mo wo àwòrán yẹn títí iná fóònù fi kú. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ti rí lójú òfuurufú, òun ló jẹ́ kí gbogbo ayé tún rí òun lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mo pe ìyàwó mi, mo ní kó bá mi yí bẹ́ẹ̀dì padà kí ojú mi lè máa kọ ẹnu ọ̀nà.

Lónìí mo ń tún fáànù, áyọ́ọ̀nù àti tọ́ọ̀ṣì ṣe níwájú ilé, ọmọ méjì sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọjọ́ kan ṣì máa ń wá tí ògiri á tún máa pè mí. Ìyàwó mi ti mọ̀ wọ́n. Kì í bi mí ní nǹkan kan. Á gbé fáànù tó ti bàjẹ́ wá síwájú mi, á ní wọ́n ń dúró dè é.

Ọmọ Kétu, Paris

Díẹ̀ ni tèmi. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 2018, Mamoudou Gassama, ọmọ Màlì tí kò ní ìwé ìgbélùú, rí ọmọdé kan tó ń rọ̀ dirodiro lára bákónì ní Paris níbí. Ó fi ọwọ́ lásán gun ilé náà dé àjà kẹrin, ó gba ọmọ náà là. Wọ́n ń pè é ní Spider-Man, wọ́n fún un ní ìwé ọmọ ilẹ̀ Faransé, àwọn panápaná sì gbà á síṣẹ́. Èmi náà kò ní ìwé nígbà yẹn. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń rìn lẹ́bàá ògiri bí òjìji, tí mi ò gbójú sókè. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé orí mi sókè nínú ọkọ̀ ojú irin.

Nọ́ọ̀sì, Èkó

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba Dókítà Ameyo Stella Adadevoh. Mi ò bá a ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2014 ni Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ẹ rò ó wò, nínú Èkó tí a ti ń fún ara wa pọ̀ nínú dáńfó! Wọ́n fẹ́ kí dókítà yìí jẹ́ kí ọkùnrin náà kúrò nílé ìwòsàn, ó ní rárá. Wọ́n fínná mọ́ ọn láti òkè, kò yẹsẹ̀. Àrùn náà ran òun náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 péré ló kó o ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti tán nílẹ̀ wa.

Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aláta àdúgbò kì í fi ọwọ́ gba owó mi mọ́, á ní kí n gbé e sórí ìgbá. Ìyá mi ń pè láti Ìjẹ̀bú lálaalẹ́, ó ń bẹ̀ mí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò lè sùn. Mo ń fọ ọwọ́ títí awọ fi là, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ. Mo rò pé mímọ́tótó ni. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìpayà ló ti di àìsàn sí mi lára.

Mo gé àwòrán dókítà náà nínú ìwé ìròyìn, mo lẹ̀ ẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń kó aṣọ iṣẹ́ sí. Láàárọ̀, màá ní, "Màmá, mo ń lọ o." Ìyẹn ló ń gbé mi jáde nílé. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, àwòrán náà ti pọ́n, mo ṣì ń kí i.

Àkọ́bí, Peckham

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, akọni ṣíṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò márùn-ún ló tẹ̀ lé mi. Nídìí sàréè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi di èjìká mi mú, ó ní, "Ìwọ ni bàbá wọn báyìí. Ọkùnrin kì í sunkún." Mo gbà á. Batman ni mo fẹ́ràn nígbà náà, torí wọ́n pa ìyá àti bàbá rẹ̀ lójú ẹ̀, ó sì sọ ẹkún di iṣẹ́ òru. Mo wá sí Lọ́ńdọ̀nù, èmi náà ń ṣiṣẹ́ òru. Mo ń ṣe tàárọ̀ mọ́ ọn. Mo san owó ilé ìwé àwọn márààrún. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, "Dáadáa ni mo wà."

Nígbà tí Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe akọni inú fíìmù Black Panther, kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2020, mo jókòó sínú ilé ìdáná, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Ọdún méjì ṣáájú, agbádá lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀ lọ wo Black Panther, bí ẹni ń lọ síbi ìwúyè. Wọ́n wá ní láti 2016 ló ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun òun, tó ń ti ibi iṣẹ́ abẹ bọ́ síbi iṣẹ́ fíìmù. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé kò sọ ọ́ síta. Èmi náà yìn ín, mo sì tún ara mi dì sí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú bọ́ọ̀sì òru, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já kì-kì-kì, mo rò pé ikú dé. Wọ́n yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn, ọkàn mi dá ṣáṣá. Dókítà obìnrin kan fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé o máa ń sùn?" Ẹ ò ní gbà gbọ́, bí mo ṣe bú sẹ́kún nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mi ò rò nípa Boseman: ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ mọ̀. Gbogbo ayé ló pa á mọ́ fún, kì í ṣe ilé rẹ̀. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pe àbúrò mi obìnrin, mo ní ara mi ò yá, ọkàn mi ò yá. Ó dákẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá mi, a ti mọ̀ tipẹ́. À ń dúró kí ẹ sọ ni."

Olùkọ́ àgbà, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ mi ní Peckham, mo kí ọ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ nídìí sàréè yẹn, àwa àgbà ló yẹ ká tọrọ àforíjì rẹ̀. Mo ti sọ irú rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ rí.

Ẹ̀gbá ni mí, Lísàbí sì ni akọni wa. Ẹ wo bó ṣe jà. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ ń ni àwọn baba wa lára, kò dá gbé idà jáde. Ẹgbẹ́ àáró ló kọ́kọ́ kó jọ, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Inú àáró yẹn ni ogun ti jáde. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo náà, ọmọ ìlú wa, kò ní kí àwọn aláàrẹ̀ ọpọlọ dá wà. Láti 1954 ló ti ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Arò ká, kí ẹbí wọn kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Bí ẹnì kan bá pe Arò lẹ́nu báyìí, ẹ̀gàn ni wọ́n fi ń ṣe. Èmi, ọdún tí ìyàwó mi kú ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ẹnu géètì rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi.

Akólòlò ni mí ní kékeré. Nígbà tí ìwé alááwòrán Powerman dé ní 1975, tí Dave Gibbons àti Brian Bolland ń yà nílùú òyìnbó fún àwa ọmọ Nàìjíríà, abẹ́ tábìlì ni mo ti ń kà á. Akọni aláwọ̀ dúdú! Mo kàn ń wo ojú rẹ̀ ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú ahọ́n mi ni ìyá bàbá mi. Láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pè mí ní Àlàó, á pè mí lọ́mọ Lísàbí, á to àwọn baba mi lẹ́sẹẹsẹ títí orí mi á fi wú. Bí mo bá dé iwájú kíláàsì, èmi nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi fi ìwádìí kan hàn mí, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti mẹ́fà ní iṣẹ́ tó ń súni, wọ́n gbé géèmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe bíi Batman tàbí irú rẹ̀, tí wọ́n ń bi ara wọn pé "Ṣé Batman ń ṣiṣẹ́ kára?", àwọn ló pẹ́ jù nídìí iṣẹ́. Mo pa ìwé náà dé, mo ń gbọ́ ohùn ìyá bàbá mi. Ìyá Àjàní, mo rí orúkọ tí ẹ fi ń pe ara yín. Ọmọ tí a jà kí a tó ní. Ṣé ẹ máa ń kì í?

Ìyá Àjàní, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Láti ìkómọ, mi ò kì í mọ́. Ìrora ti gba ẹnu mi.

Àná la padà lọ gba ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ apá rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀: Àjàní, Àjàní ọmọ mi, mo to àwọn baba rẹ̀ tí mo rántí, ohùn mi ń gbọ̀n. Ó ṣíjú wò mí, ó ní, "Màámi, èmi ni Spider-Man ńkọ́?" Mo ní, "Ìwọ náà ni." Ó ní kí n pe méjèèjì.

Mo pe méjèèjì. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó na ọwọ́.