Ní Ramnagar, Òǹwòran Ló Ń Rìn

Ẹni tó bá fẹ́ wo Ramlila, eré ìtàn Rama, ti Ramnagar ní India, kó tètè wá bàtà tó ṣeé rìn. Mo ti ka ìròyìn àwọn tó lọ wo Taj Mahal àti àwọn tó nájà ní Delhi, ó dùn mọ́ mi. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló gbé mi dé Banaras, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Varanasi, létí odò Ganga. Eré ni kò jẹ́ kí n fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Òdìkejì odò ni Ramnagar wà, níbi tí ààfin ọba Banaras wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìdílé ọba yìí ti ń gbé bùkátà eré náà. Ìtàn Rama, tí àwọn ẹlẹ́sìn Hindu ń bọ, ni: bí wọ́n ṣe lé e kúrò láàfin bàbá rẹ̀ sínú igbó, bí Ravana ọba Lanka ṣe jí Sita ìyàwó rẹ̀ gbé, ogun tó tẹ̀ lé e, àti bó ṣe padà wá jọba. Àwọn ìlú mìíràn máa ń ṣe é ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó tán. Ti Ramnagar ń lọ sí nǹkan bí ọjọ́ 31.

Ẹ má wá ìtàgé. Gbogbo ìlú ni ìtàgé. Ayodhya tí í ṣe ìlú bàbá Rama wà nítòsí ààfin, Janakpur tí í ṣe ìlú àwọn àna Rama wà níbòmíràn, Lanka sì jìnnà réré. Bí Rama bá kọrí sígbó, gbogbo èrò a dìde tẹ̀ lé e: arúgbó, ìyá tó gbé ọmọ sí ìbàdí, àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti tíì. Òjò a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn, ẹrẹ̀ a sì wà. Àwa tá a gbọ́ ìtàn Alárìnjó, òṣèré la mọ̀ tó ń ti ìlú kan dé ìkejì. Níbí, òǹwòran ló ń rìn.

Kò sí makirofóònù, kò sí iná mànàmáná. Àtùpà kẹrosíìnì àti ògùṣọ̀ ni wọ́n fi ń ríran. Ẹni tó mú ìwé ọ̀rọ̀ eré lọ́wọ́, vyas ni wọ́n ń pè é, a kígbe pé "Chup raho! Savdhan!", ìyẹn ni pé ẹ dákẹ́, ẹ fetí sílẹ̀, ibi gbogbo a sì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin tí ohùn wọn kò tíì nípọn ló ń ṣe Rama, àwọn àbúrò rẹ̀ àti Sita. Wọ́n á máa ké ọ̀rọ̀ wọn sókè díẹ̀díẹ̀ kó lè dé ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti dé wọn ládé, wọn kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé wọn, àgbàlagbà sì ń wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

Kí n má purọ́, ọjọ́ mìíràn wà tó súni. Ìgbà mìíràn sì wà tí mi ò rí nǹkan kan ju ìdí erin ọba lọ. Tí ọba bá wá lọ gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, eré a dúró dè é. Àsìkò ìdúró yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù: jíjẹ, mímu, òfófó, àwọn mìíràn a sì sùn.

Bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi kan ló ń mú wa lọ. Nemi ni wọ́n ń pe irú wọn, àwọn tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Bàbá á ti wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á fi lọ́fínńdà, wọ́n á fi ìwé há abíyá, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́. Bí àwọn akọrin tó jókòó nítòsí ọba bá ti gbé e, Bàbá á ṣí ìwé, wọ́n á máa fi ìka tọ ìlà. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n sórí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n ojú, etí àti ẹnu gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀.

Ramcharitmanas ni ìwé náà. Ọdún 1574 ni akéwì Tulsidas bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ní Awadhi, èdè àwọn ará oko, kì í ṣe Sanskrit tó wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́pà fi lè bá akọrin parí ìlà. Mo ti wo eré ní Delhi, níbi tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eré ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1959. Iná dára, ohùn dára, a pàtẹ́wọ́, a wá takisí lọ. Ní Ramnagar, ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́. Wọ́n á tan iná funfun kan lópin eré, àwọn ọmọ náà á dúró bí ère, gbogbo èrò á sì hó fún Rama.

Orin nìkan ni Awadhi. Hindi ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ, Bharatendu Harishchandra ọmọ Banaras sì wà lára àwọn tó lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò tó ọmọ ọdún 35 tó fi kú ní 1885, òun sì ni wọ́n kà sí bàbá eré Hindi òde òní. Ẹ wá eré Andher Nagari tó kọ ní 1881. Ní ìlú kan, iye kan náà ni wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ àti àkàrà dídùn. Olùkọ́ kan rí i, ó sá. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ó ń jẹ àkàrà ọ̀pọ̀, ó ń sanra. Ògiri wó pa ewúrẹ́. Wọ́n mú onílé, ó ní bíríkìlà ni. Bíríkìlà ní ẹni tó po ẹfun ni, ìyẹn ní apọnmi ló da omi jù, apọnmi ní alápatà ló rán àpò omi tóbi jù, alápatà ní darandaran ló ta àgùntàn ńlá fún òun, darandaran ní ìwọ́de olórí ọlọ́pàá ló fa ojú òun kúrò. Ó di kí wọ́n so olórí ọlọ́pàá kọ́. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín ju okùn lọ, ni ọba bá ní kí wọ́n wá ẹni tó sanra. Ọmọ ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n mú.

Olùkọ́ padà dé, ó sọ̀rọ̀ sí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ létí, àwọn méjèèjì wá ń jà sí okùn. Wọ́n ní ẹni tó bá kú ní wákàtí yẹn, ọ̀run tààrà ni. Ọba ní ta ló tó lọ ṣáájú òun? Ó gun orí igi fúnra rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é lójú mi, lórí àtẹ̀gùn létí odò. Èrò ti ń ké orin ọjà inú eré náà kí òṣèré tó la ẹnu.

Ẹ tún yà sí Lamhi, abúlé tí wọ́n bí òǹkọ̀wé Premchand sí ní 1880, kò jìnnà sí Banaras. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀. Ẹ ka Idgah tó kọ kí ẹ tó lọ, ìtàn ọmọ aláìlóbìí tó fi owó ọdún ra ẹ̀mú fún ìyá àgbà rẹ̀ kí iná má baà jó o lọ́wọ́ mọ́.

Òṣùpá ló ń darí ọjọ́ Ramlila, nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárín September sí October ló sábà máa ń bọ́ sí. Tó bá jẹ́ alẹ́ kan péré lẹ ní, ẹ yan Bharat Milap, alẹ́ tí Rama àti àbúrò rẹ̀ sáré dì mọ́ra. Ẹ mú ẹní dání. Ẹ má sì ya àwọn ọmọ yẹn ní fọ́tò, wọn ò fẹ́ ẹ níbẹ̀.