Èsì: «Ìdùnparí» kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ta ló ni ìbànújẹ́ inú fíìmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fíìmù sí Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ méjì wá lánàá: «fíìmù oníbànújẹ́» fún fíìmù tó ń mú ni sunkún, àti «ìdùnparí» fún ìparí tó ń dùn mọ́ òǹwòran. Ó ní ká gbà wọ́n wọlé. Èmi ò gbà.

Ìdùnparí ló bí mi nínú jù. Ì- tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn kì í dédé lẹ̀ mọ́ ohun tó bá rí. Àpólà-ìṣe tí ẹnu èèyàn ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ló ń fẹ́. A ń sọ pé nǹkan ba inú jẹ́, a fi rí ìbànújẹ́. A ń sọ pé a fi ọkàn balẹ̀, a fi rí ìfọkànbalẹ̀. Ta ló ń sọ pé «fíìmù náà dùn parí»? Bí ẹ bá tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, ẹ ó rò pé ó ní ó dùn délẹ̀délẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa rò pé apá ìkẹyìn nìkan ló ń sọ. Ohun tí à ń sọ ni pé «ó parí síbi tó dáa», «ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dùn». Parí ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá wá dà á padà, tí ẹ ní «fíìmù aparísíre», ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfàmì sí i, apárí lòǹkàwé máa kọ́kọ́ kà. Fíìmù olórí pípá!

Ó ku oníbànújẹ́. Oníbànújẹ́ ni ẹni tí ìbànújẹ́ wà lára rẹ̀, bí opó, bí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná. Fíìmù ò ní inú tó máa bàjẹ́. Inú òǹwòran ló ń bà jẹ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ òǹwòran, ẹ ò fi í sínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ibi tí «ni» ti wúlò nìyẹn: abanilọ́kànjẹ́. «Ba» yẹn, ohùn àárín ni, torí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: «ó bà mí nínú jẹ́», ṣùgbọ́n «ó ba Òjó nínú jẹ́». Ẹni tó kọ «abànilọ́kànjẹ́» níjẹta, kó yọ àmì yẹn. Ẹ má sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú o. Bí ẹ bá yọ «lọ́kàn» kúrò, abanijẹ́ ló kù, ilé ẹjọ́ nìyẹn sì máa gbé yín dé.

Ìdí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ méjì la nílò, ọ̀kan fún ara fíìmù, ọ̀kan fún ìparí rẹ̀, ni pé méjèèjì lè má bára mu. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, Nordisk, ilé iṣẹ́ fíìmù ní Dẹ́nmáàkì, a máa ya ìparí méjì fún fíìmù kan náà. Wọ́n á fi èyí tó dáa ránṣẹ́ síbòmíì, wọ́n á fi ti ẹkún ránṣẹ́ sí Rọ́ṣíà, torí ẹkún làwọn òǹwòran ibẹ̀ ń fẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe «Atlantis» nìyẹn lọ́dún 1913. Ara fíìmù ò yí padà, ìrù rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Ẹ tún wo «Der letzte Mann» tí Murnau ṣe ní Jámánì lọ́dún 1924. Bàbá arúgbó kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ sì ni gbogbo iyì rẹ̀ ládùúgbò. Wọ́n gba aṣọ yẹn lára rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ ilé ìtọ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ dójú ẹ̀ tán, àkọsílẹ̀ yọ lójú àwòrán pé ibí ló yẹ kí ìtàn náà parí sí, pé ikú nìkan ló kù fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ láyé, àmọ́ pé àánú rẹ̀ ṣe ẹni tó kọ ọ́. Kíá, bàbá jogún olówó Amẹ́ríkà kan, ó ń jẹ oúnjẹ aládùn nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan náà. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn, «fíìmù oníbànújẹ́ onídùnparí»?

Àwọn àgbà wa ò da méjèèjì pọ̀. Nínú eré Ògúndé, bí ẹnikẹ́ni kú lórí ìtàgé, orin àti ijó ìkádìí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú «Ọba Kò So» tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo lọ́dún 1963, ọba so, àkọlé ní kò so. Wọ́n ti sẹ́ ìparí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkádìí wà nílẹ̀. Ìkádìí ayọ̀, ìkádìí ẹkún. Kí la tún ń wá lọ sí ìdùnparí?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, èmi àbúrò tó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wá nìyí, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbà fún yín lórí «parí». Mi ò gbà lórí oní-. Ilé alájà méjì, níbi tí oní- ti di al-, ńkọ́? Aṣọ aláràbarà ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín kọ «oúnjẹ aládùn» lókè yẹn! Ṣé oúnjẹ ló ni adùn bí èèyàn ṣe ń ní ilẹ̀ ni? Oní- a máa tọ́ka sí ẹni tó ní nǹkan, a sì máa tọ́ka sí ohun tí nǹkan gbé lára.

Èyí tó kàn, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ní ohùn ìsàlẹ̀ a máa di ti àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Inú kì í ha ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ? Kí ló dé tó jẹ́ ìbànújẹ́ la ń kọ, tí kì í ṣe «ìbanújẹ́»?

Ìṣòro tiwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí tún yàtọ̀. Ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù kì í sábà ju lẹ́tà 42 lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kúkurú là ń wá. Ẹ tún wo àmì. Ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ́ ò ní. Ńṣe là ń gbé U+0301, ìyẹn àmì ohùn òkè, lé e lórí. Bí fọ́ǹtì ò bá dáa, àmì yẹn á fò sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó di àpótí òfìfo. Abanilọ́kànjẹ́ ní irú rẹ̀ méjì, ọ́ àti ẹ́. Ẹlòmíì á tún tẹ ó kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, bí ẹni tó ṣètò ìwákiri ò bá sì ti sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹni tó ń wá fíìmù ò ní rí i. Ìdùnparí ò ní wàhálà kankan: ì, ù, í, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.

* * *

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Oníbànújẹ́ náà ní ẹ́ nídìí, kí ẹni tó ń ka àmì má fojú fò ó.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan yìí: ọ̀fọ̀. Òkú àgbà, a ó dá aṣọ ẹbí, a ó pe onílù. Òkú ọ̀fọ̀, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ikú ò yàtọ̀, ètò ló yàtọ̀. Ẹ wo Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Biyi Bandele fi ṣe fíìmù lọ́dún 2022. Àṣà ní kí Ẹlẹ́ṣin kú tẹ̀ lé ọba tó wàjà. Ká ní ó bá ọba lọ lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ ni, ayọ̀ ni ìparí ì bá jẹ́ lójú Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn kú. Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, tó ṣáájú bàbá rẹ̀ lọ ló sọ ọ́ di ọ̀fọ̀. Nítorí náà, fíìmù ọ̀fọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé, Kòso orúkọ ibi ni. Ọba Kòso ni Ṣàngó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pín in sí méjì pé «kò so». Ní Kúbà, Obakoso ni wọ́n ń pè é títí dòní, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

* * *

Ẹ ṣé, Màmá. Mo gba ti Kòso dé ìdajì: Ládiípọ̀ ló ni eré rẹ̀, bó ṣe wù ú ló kọ ọ́. Lórí ìbànújẹ́, mò ń bọ̀ wá dáhùn, i tí a pa jẹ níbẹ̀ ló fà á.

Àmọ́ ọ̀fọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mú àmì àkọ́kọ́ kúrò, ọfọ̀ ló dà. Nínú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ń pe ọfọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ta ló máa mọ̀ pé ẹkún la kọ sára páálí?