Àbọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àti yìnyín Minneapolis

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ bí mo ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ nínú yìnyín ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, láìṣubú, kí ìka mi má sì kú.

Táyà oníṣòó, èyí tó ní ìṣó kéékèèké lára tó ń di yìnyín mú, ló yanjú ti ìṣubú. Ó wúwo o, ìrìn ìṣẹ́jú 20 ti di 30, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣubú láti ìgbà náà.

Ìbọ̀wọ́ méjì léra kò tó tí òtútù bá le gan-an. Àpò tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, téèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀, ni mo wá rà: ọwọ́ mi gbóná dáadáa.

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ni ìṣòro tó kù, torí ó ń jẹ irin kẹ̀kẹ́. Mo ń nu ṣéènì, mo ń fi epo sí i lálaalẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń dípẹtà. Ẹ ṣeun.