Ilé mẹ́ta tí ìyá mi kọ́ ti bá òkun lọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Ilé mẹ́ta ni ìyá mi ti kọ́ níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá òkun lọ. Ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá mi sí, ọkọ̀ ni wọ́n ń wà kọjá lórí rẹ̀ báyìí.

Ìkẹta ṣojú mi. Òru ni. Ìyá mi ń yan edé lọ́wọ́ nígbà tí ìgbì kan gbá pákó tí a dúró lé. Èyí tó tẹ̀ lé e gbé ààrò àti edé lọ. Ilẹ̀ mọ́, òpó mẹ́rin péré la bá.

Ṣáájú ìgbà yẹn, àwa ọ̀dọ́ ti dáwó jọ, a fi ọkọ̀ kó iyanrìn wá láti ibòmíràn, a rọ ọ́ sápò, a tò ó sétí omi. Kò pé oṣù kan tó fi rì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́: etíkun tiwa kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ rírọ̀ ni, gbogbo ohun tó bá wúwo ló ń gbé mì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2004 láti dáàbò bo ìlú, a ò rí i títí dòní. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ náà, kó jókòó ti àwọn àgbà apẹja wa, kó tó ya àwòrán kankan. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ mú, àwa náà gé nínú rẹ̀ láti fi yan ẹja. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin etíkun yòókù, kí lẹ ṣe?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa kí ìyá. Lẹ́kí lèmi wà. Wọ́n to òkúta ńlá wọ inú òkun lọ́dọ̀ wa. Iyanrìn wa máa ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, òkúta yẹn ló ń dá a dúró, ilẹ̀ sì ń padà díẹ̀díẹ̀ níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta parí sí, iyanrìn kì í dé ibẹ̀ mọ́, òkun wá ń jẹ ibẹ̀ gidi. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi wà. Lọ́dún tó kọjá la kó ẹrù kúrò.