Ṣé a ń yí mítà padà ni, àbí a ń ṣẹ́ ẹ?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o.

Ìyá kan ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín wa lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì karùn-ún gbé iṣẹ́ àmúrelé dé, ìyá sì fẹ́ fi Yorùbá là á yé e: éríà (area), fọ́lúùmù (volume), àti bí a ṣe ń ti orí òṣùwọ̀n kan bọ́ sórí òmíràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló tọrọ. A ti fún un ní bíi mẹ́tàlá báyìí, a ò sì tíì dákẹ́. Àwọn kan ní "agbègbè" ni éríà, àwọn kan ní "ìtóbi" ni fọ́lúùmù, ọ̀pọ̀ fara mọ́ "ìyípadà òṣùwọ̀n". Ọ̀gá wa kan wá ní kí a máa pe m² ní "mítà onílọ́po méjì". Ti ìkẹyìn yìí ni mi ò lè gbé mì, torí ó ti gbá mi lẹ́sẹ̀ rí nínú ilé ara mi.

Ọmọ àbúrò mi ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: tánkì omi kan gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó ga ní mítà 1. Omi lítà mélòó ni yóò kún un? Ọmọ náà ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ dáadáa, ó rí 3. Ó wá rántí pé sẹ̀ǹtímítà 100 ló wà nínú mítà kan. Ló bá kọ 300, ó fa ìlà sí i nídìí, ó ní lítà 300 ni. Mo bi í pé, tánkì tí èmi àti ìwọ lè wọnú rẹ̀ ká na ẹsẹ̀, ṣé kẹ́ẹ̀gì omi méjìlá ló máa kún un? Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 la fi ń pọnmi nílé wa, òun náà sì ń bá wa gbé e. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tí ìṣirò náà ti já.

Mo ní kó mú ìwé gíráàfù rẹ̀ wá, kó fi rúlà fa onígun mẹ́rin kan tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kó wá ka àwọn àpótí oní-sẹ̀ǹtímítà kan tó wà nínú rẹ̀. Ó fi ẹnu pẹ́ńsùlù kà á dé 37, ó sú u. Ó tún un wò, ó rí i pé mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n tò, ó ní, "Ọgọ́rùn-ún ni, ẹ̀gbọ́n." Mo ní ìlọ́po méjì mẹ́wàá ń kọ́? Ó ní ogún. Ẹ ò rí i? Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìlọ́po méjì nǹkan ni nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bí olùkọ́ bá kọ "mítà onílọ́po méjì" sójú pátákó, mítà 2 ni ọmọ náà máa gbọ́, kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò fún àmì ìsọdipúpọ̀ kò jìnnà: méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí m² jẹ́ "mítà lọ́nà mítà", kí m³ jẹ́ "mítà lọ́nà mítà lọ́nà mítà". Ó gùn, mo gbà. Gígùn rẹ̀ gan-an ló gbà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é tán, ó wá yé e pé 100 ní láti wọlé nígbà mẹ́ta: 100 lọ́nà 100 lọ́nà 100. Iye rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́, ìyẹn mílíọ̀nù kan. (Ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, àpò tí wọ́n ń kó ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ sí ni.) Lítà kan jẹ́ 1,000 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà sẹ̀ǹtímítà lọ́nà sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà àpótí oní-mítà kan gba lítà 1,000, tánkì ọmọ wa sì gba ẹgbẹ̀ẹ́dógún (3,000). Ọgọ́fà kẹ́ẹ̀gì.

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí a ò lo "báì", ṣebí káfíńtà àti ọmọ onílẹ̀ ti sọ ọ́ di Yorùbá. Òótọ́ ni, a ń ra páńkó tú báì fọ́ọ̀, a ń ra ilẹ̀ síkísítì báì wọn-tuẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu wọn, orúkọ ni "báì" ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ tú báì fọ́ọ̀ di mẹ́jọ. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà lórí ilẹ̀. Plọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ 7,200 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà lọ́nà mítà 669. Ó dé inú ìwé àwòrán ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ló di 648, nítorí wọ́n ti gé 60 yẹn sí mítà 18, wọ́n gé 120 sí mítà 36. Mítà lọ́nà mítà 21 ti pòórá. Ó ju yàrá oní-mítà 4 sí 5 lọ. Olówó kò mọ̀ pé yàrá kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun, nítorí orúkọ plọ́ọ̀tì náà kò yí padà.

Ó yá, éríà. "Agbègbè" kò lè ṣe é. Agbègbè ni Mọ́kọ́lá àti àyíká rẹ̀. Ẹ̀rọ ayélujára tó ń túmọ̀ èdè ló ń ki ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀ wá lẹ́nu, torí kò mọ éríà tí ènìyàn ń gbé yàtọ̀ sí éríà tí ènìyàn ń wọ̀n. "Fífẹ̀" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a ti fi fẹ̀ ṣe ìbú. Tí ẹ bá sọ pé tánkì fẹ̀ ní mítà 1.5, ìbú rẹ̀ lẹ sọ yẹn. Ọ̀dọ̀ bíríkìlà ni mo ti rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí ó fẹ́ rẹ́ ògiri mi, ó ní òun máa gba owó ojú inú, òun máa gba ti ojú ìta. Ojú ni ó ń rẹ́, ojú ló ń gba owó lé lórí. Ojú ògiri, ojú ilẹ̀, ojú tábìlì: mo fara mọ́ "ìwọ̀n ojú". Àpótí ní ojú mẹ́fà, kí ọmọ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ro ó pọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó ní wọ́n máa rò pé awò ojú la fẹ́ rà fún ọmọ, ẹ máa so ohun tó ni ojú náà mọ́ ọn.

Fọ́lúùmù ló le jù, àti pé ti rédíò ni ọmọ kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ kí a so "ìwọ̀n inú" mọ́ "ìwọ̀n ojú" kí wọ́n dọ́gba. Kóńgò ọjà ló jẹ́ kó dùn mọ́ mi. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú? Tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dáa, ẹnu wọn dọ́gba, gíga wọn dọ́gba, gàrí inú wọn kò dọ́gba. Inú ló yàtọ̀. Àmọ́ búlọ́ọ̀kù tí kò níhò ń kọ́, inú wo la fẹ́ wọ̀n níbẹ̀? Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Kẹ́ẹ̀gì gba lítà 25. Búlọ́ọ̀kù gba àyè. "Gbà" kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè jẹ́: "Àyè mélòó ni ó gbà?" Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kó mú "àyè-gbígbà". Mi ò fẹ́ "ìgbàyè" tí ẹnì kan dábàá, ó jọ ìgboyè jù létí, ọmọ kíláàsì karùn-ún kò tíì gboyè.

Èyí tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé gan-an nìyí. "Ìyípadà òṣùwọ̀n": ta ló yí padà? Omi yí padà di wáìnì ní Kánà, kì í ṣe omi mọ́. Mítà 3 tí a kọ ní sẹ̀ǹtímítà 300, kò sí ohun tó di nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí mo bá gbé ẹgbẹ̀rún náírà fún ìyá oníbúrẹ́dì pé "Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ", ó fún mi ní igba márùn-ún. Owó mi kò dín, kò lé. Ó kàn wà ní wẹ́wẹ́ ni. A ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà, a sì ń ṣẹ́ náírà sí kọ́bọ̀ láti 1973, 100 sí ọ̀kan, bíi mítà àti sẹ̀ǹtímítà gẹ́lẹ́. (Mo gbàgbé pé ọmọ òde òní kò rí kọ́bọ̀ rí. Ẹ lo igba náírà.) Ṣẹ́ mítà 3 sí sẹ̀ǹtímítà. Ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí mítà.

Olùkọ́ wa obìnrin kan ti fèsì pé bí òun bá sọ "ṣẹ́" di ọ̀rọ̀-orúkọ, tí òun kọ "ìṣẹ́wọ̀n" sójú pátákó, gbogbo kíláàsì máa gbọ́ aṣẹ́wó, ẹ̀rín ò sì ní jẹ́ kí ìṣirò wọlé. Ó jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn kan náà ni ìyá wọn ń rán lọ ṣẹ́ owó lárọ̀ọ́lọ́jọ́, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ẹ fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ má fi "ì" kankan kàn án níwájú. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń tì wá wá ọ̀rọ̀-orúkọ kiri, torí orúkọ ló tò síbẹ̀. Iṣẹ́ àmúrelé kò béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọmọ, àṣẹ ló ń pa fún un: wọ̀n ọ́n, ṣẹ́ ẹ. Nílé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní 1970, ọmọdé ló jókòó níwájú wọn, ó ní láti yé wọn lọ́jọ́ náà.

Mo ṣì ní gbèsè kan lọ́rùn: orí tábìlì òṣùwọ̀n, níbi tí wọ́n máa ń kọ àkọlé sí, ọ̀rọ̀-ìṣe kò lè dá jókòó síbẹ̀. "Bí a ṣe ń ṣẹ́ òṣùwọ̀n" ni mo kọ sí ti ọmọ wa. Ẹ̀yin ará Kétu àti Pọ̀bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó jẹ́ pé mítà ni ẹ bá nílé ìwé, tí ẹ ò bá ẹsẹ̀ bàtà jìjàkadì bíi tiwa, kí lẹ ń pè é?