Ǹjẹ́ sealer nìkan lè dí omi tó ń wọ ẹ̀yìn táìsì balùwẹ̀?

Oníbéèrè

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ táìsì, ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Táìsì tó ń dán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí a ti ń wẹ̀ nínú ilé wa, òkúta mábù ni wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí àárín táìsì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní grout, ti ń dúdú nísàlẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun kan tún máa ń yọ lára rẹ̀, bí mo bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, yóò tún padà. Ní igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, grout náà ti sán. Oníṣẹ́ kan ní kí n ra sealer, ìyẹn ohun olómi tí wọ́n ń kùn sójú táìsì, òkúta àti grout, kí n fi kun gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, pé omi kò ní wọlé mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó ní ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Atẹ́táìsì

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Sealer wà fún kí ìdọ̀tí, ọṣẹ àti ọ̀rá ara má baà tètè wọnú grout àti òkúta; kì í ṣe òun ló ń dá omi dúró kó má wọ ara ògiri. Ohun adínà-omi tó yẹ kí wọ́n ti fi sẹ́yìn táìsì kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bí kò bá sì sí níbẹ̀, tàbí tó ti ya, kíkun ojú táìsì kò lè tún un ṣe.

Iyọ̀ inú símẹ́ǹtì ni ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí. Omi ló ń wọlé tó ń yọ́ ọ, nígbà tí omi náà bá wá gbẹ lójú grout, iyọ̀ a ṣẹ́kù síta. Bí ó ṣe ń padà wá fi hàn pé omi ṣì ń rí ọ̀nà gbà, tí ẹ bá sì kun sealer lé e lórí báyìí, ńṣe ni ẹ máa sé ọ̀rinrin mọ́ inú. Igun tó sán yẹn ni mo fura sí jù. Ògiri àti ilẹ̀ kì í sún bákan náà nígbà tí ooru, òtútù tàbí ìwúwo ènìyàn bá dé bá wọn, grout sì le, kò lè nà, nítorí náà yóò sán níbẹ̀ lọ́jọ́ kan dandan. Silicone tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀, ohun ìdíhò tó máa ń nà bíi rọ́bà, ló yẹ igun, kì í ṣe grout.

Ẹ fi ìka kan àwọn táìsì ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo ti ṣí kúrò lára ògiri. Ẹ tún wo ògiri tó wà lódìkejì, bóyá ó tutù tàbí ọ̀dà rẹ̀ ń wú.

Ní ti kíkun láti òkè délẹ̀, owó àfiṣòfò ni. Táìsì tó ń dán kò nílò sealer rárá, nítorí kò ní wọ̀ ọ́ lára. Kódà porcelain, irú táìsì kan tó le gan-an, tí kì í dán nígbà mìíràn, kì í fa omi ju ìdá 0.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ. Mábù àti grout onísímẹ́ǹtì ló nílò rẹ̀. Bí grout bá jẹ́ ti epoxy, èyí tí wọ́n fi àtè kẹ́míkà ṣe dípò símẹ́ǹtì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ilé

Mo gbà pẹ̀lú Atẹ́táìsì, àmọ́ lójú tèmi, bí a ṣe ń lo balùwẹ̀ ṣe pàtàkì ju sealer lọ. Ohun dúdú yẹn máa ń hù níbi tí omi kì í ti gbẹ. Ẹ máa nu omi kúrò lára ògiri lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Bleach tí ẹ fi omi là àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lè mú un kúrò nínú grout, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pò ó mọ́ ohunkóhun tó ní ammonia tàbí ásíìdì, nítorí èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì fi ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ mábù. Ásíìdì inú wọn á jẹ ojú òkúta náà, dídán rẹ̀ á sì lọ, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti fi sealer sí i.

Oníbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kan wọn: ẹyọ kan péré lẹ́bàá igun ló ń dún lófìfo, ògiri òdìkejì sì gbẹ. Ṣé mo lè fi silicone lé orí èyí tó ti sán? Báwo ni n óò sì ṣe mọ̀ bóyá àwọn ibi yòókù nílò sealer?

Atẹ́táìsì

Rárá, ẹ má fi lé e lórí. Ẹ ha grout igun náà kúrò pátápátá. Bí silicone àtijọ́ bá wà níbẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹ fi spirit nu ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi tuntun sí i. Nítorí mábù, ẹ má ra silicone tí òórùn rẹ̀ ń kan bí ọtí kíkan. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ neutral sí lára, kí omi má sì kàn án fún wákàtí 24.

Fún sealer, ẹ kán omi díẹ̀ sórí grout àti mábù tó ti gbẹ, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣú, ó ń fa omi, ó sì nílò rẹ̀. Bí omi bá ṣì dúró ní kíkán, kò tíì nílò. Irú èyí tó ń wọnú ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń di awọ dídán lójú, tó máa sọ ilẹ̀ di yíyọ̀, tó sì máa ń bó nígbà tó bá yá. Ẹ dán an wò níbi kọ́lọ́fín kan ná, torí òmíràn máa ń yí àwọ̀ òkúta padà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún, kí ẹ sì nu àṣẹ́kù kí ó tó gbẹ, nítorí bí ó bá gbẹ sójú táìsì, àbàwọ́n rẹ̀ ṣòro láti yọ.

Ṣùgbọ́n táìsì tó ń dún yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti rọ̀ tàbí tó ti dúdú, ẹ má lẹ̀ ẹ́ padà; ẹ pe ẹni tí yóò ṣí ìyókù wò.