Òkè Ìdànrè nígbà ọyẹ́: aago mélòó ni ká gbéra?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Àlejò mẹ́ta ń sá òtútù Kánádà bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lóṣù Ṣẹẹrẹ. Ìyá àgbà ẹni ọdún 68 wà nínú wọn. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti wà nílẹ̀, mo sì ti ní kí wọ́n mú súwẹ́tà kan dání, torí òwúrọ̀ ọyẹ́ kì í ṣeré. Òrí tí wọn ó fi pa ètè àti gìgísẹ̀ kó má baà sán, èmi ni mo máa rà á.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè ló ń kọ mí lóminú. Ó lé ní 600. Bí a bá tètè gùn ún jù, eruku ọyẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ìlú nísàlẹ̀. Bó bá sì di ọ̀sán, àpáta á ti gbóná, kò sì sí ìbòòji. Ṣé aago mẹ́sàn-án dáa? Ṣé omi lítà méjì á tó ẹnì kan? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjókòó ṣì wà láwọn ibi ìsinmi tí màmá lè ti mí díẹ̀?